Ilẹ̀ Tí Bíńgò Ti Ń Lúwẹ̀ẹ́

Gbogbo Ilo-Awela ní Ọ̀tà ló mọ Ògúnlàdé àti ajá rẹ̀ méjì, Bíńgò àti Táígà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ irin ní Ṣàngó, kò sí òwúrọ̀ tí kì í kó wọn lọ sí ẹ̀yìn àwọn iléeṣẹ́, níbi tí igbó ṣẹ́kù sí. Nígbà ọ̀yẹ́, eruku á bo imú wọn, ewé gbígbẹ á máa fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, àwọn ajá á máa fò sókè mú èsúnsún jẹ, baba á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó mọ ibi tí òṣíbàtà, ewé ojú omi, ti ń yọ, ó mọ ibi tí ọ̀yà ń gbà kọjá. Ará Ìsẹ́yìn ni o, àmọ́ ẹ má bá a jiyàn lórí ilẹ̀ Ọ̀tà.

Àwọn ajá yìí ń ti Jemimah ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, lójú. Lọ́jọ́ kan tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wọn ń kọjá, Ògúnlàdé rí Susanna, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ tí òun mọ̀ nínú fọ́tò lásán, tó ń nawọ́ sí òun àtàwọn ajá. Jemimah yíjú sápá kejì. Baba kò sọ ọ́ nílé, àmọ́ ó dùn ún wọ eegun.

Nínú oṣù kìn-ín-ní, Jemimah rí ilẹ̀ tó fẹ́ rà lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ yẹn, ó tẹ́jú, ó gbẹ táútáú. Ìgbà ọ̀yẹ́ náà ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ra ilẹ̀ níbẹ̀, tó bá wá di oṣù kẹfà, wọ́n á máa fi abọ́ gbọ́n omi ní pálọ̀. Ògúnlàdé ní kó má rà á, pé odò ni lásìkò òjò. Bíńgò tilẹ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó hú ìkarahun ìṣáwùrú, ìgbín inú odò, jáde. Jemimah ní ẹnì kan ló jẹ ọbẹ̀ tó dà á síbẹ̀.

"Dádì, ṣé ajá ló máa wá bá mi ṣe súfeyọ̀ ilẹ̀ ni?"

"Dúró di oṣù kẹfà. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, n kò ní kó ajá jáde mọ́ láyé mi."

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó mọ ohun tó fi dógò. Jemimah dúró, àmọ́ tìbínú-tìbínú ni. Lọ́dún yẹn gan-an ni òjò wá pẹ́. Oṣù karùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ilẹ̀ ṣì le koko. Láràárọ̀, baba á tẹsẹ̀ dúró níwájú igi kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kí i pé ó dìgbà.

Ni òjò bá dé, ó fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, baba àti ọmọ kó àwọn ajá lọ sórí ilẹ̀ náà. Susanna tẹ̀ lé wọn, torí òun náà ń wá ilẹ̀; Jemimah kò tíì sọ ẹni tí baba náà jẹ́ fún un. Omi ti mu ènìyàn dé orókún, òṣíbàtà ti tẹ́ ewé sójú rẹ̀. Bíńgò bẹ́ sínú rẹ̀, ó lúwẹ̀ẹ́ gba ibi tí Jemimah fẹ́ kọ́ pálọ̀ sí kọjá. Inú Ògúnlàdé dùn débi pé kò rántí sọ pé ṣebí òun wí bẹ́ẹ̀. Ó kàn dúró gbọn-in nínú bàtà òjò rẹ̀, ó gbé àyà síwájú.

Susanna rọra bèèrè lọ́wọ́ Jemimah ẹni tí baba alájá yìí jẹ́ gan-an.

Jemimah gba okùn Táígà lọ́wọ́ baba. "Bàbá mi ni," ó ní. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wa lọ síbi tó máa ń gbẹ."

Ògúnlàdé súfèé pe Bíńgò, ó sì ṣíwájú wọn gba apá òkè lọ.