Asà Ọwọ́ Òsì

Ẹni tó bá kàwé Látìnì ní yunifásítì Ìbàdàn láyé ọjọ́un, tó wá ń gbé Ìgàndò lónìí, kò lẹ́ni tó máa bá sọ ọ́. Àyìnkẹ́ ti gba kámú lórí ìyẹn tipẹ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní ìtàn àti ẹ̀kọ́ Bíbélì, torí kò sí iléèwé kankan tó ń wá olùkọ́ Látìnì. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tán, tí Olúgbénga ọkọ rẹ̀ sì kú, tí ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́, ni Látìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí iṣẹ́ ṣe.

Obìnrin òyìnbó kan, Mísì Pell, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí kò lọ́kọ tí kò sì bímọ, ló ń wá ẹni tó lè bá òun ka ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ìlú òyìnbó tí wọ́n fi Látìnì kọ. Olùkọ́ tó kọ́ Àyìnkẹ́ nígbà kan ló so wọ́n pọ̀. Mísì Pell á fi fọ́tò àwọn ìwé náà ránṣẹ́ lórí ímeèlì, Àyìnkẹ́ á gbé láptọ́ọ̀pù sídìí fèrèsé, á máa tú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá: Màtílídà, ìyàwó Roger Pell, baba ńlá Mísì Pell, tó gbé ayé ní ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Gbogbo ìwé ló pè é ní ìyàwó Roger. Nígbà tí Roger kú, wọ́n pè é ní ẹni tó jẹ́ ìyàwó Roger rí. Kò síbi tí wọ́n ti sọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Àràárọ̀ ni lẹ́tà Mísì Pell ń wọlé. Á kọ́kọ́ sọ bí orúnkún ṣe dun òun lóru, á sọ̀rọ̀ òjò, kó tó wá béèrè Màtílídà. Àyìnkẹ́ náà á sọ fún un pé iná ti lọ, tàbí pé àwọn ayálégbé iwájú ti fa gbogbo omi tán. Àwọn ayálégbé yìí ń kí i dáadáa o, "Ẹ káàárọ̀, Mummy," kí wọ́n tó gba ọ̀nà Ìyànà Ìpájà lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyàwó wa, arúgbó ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Kò bímọ, nítorí náà kò tiẹ̀ sí ẹni tó ń pè é ní ìyá lágbájá. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé inú lẹ́tà yẹn nìkan ni orúkọ rẹ̀ ti ń jáde. "Àyìnkẹ́ mi ọ̀wọ́n," ohun tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún kejì ni wọ́n rí èdìdì kan. Láyé ìgbà yẹn, bí obìnrin ọlọ́lá bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, á tẹ èdìdì tirẹ̀ sára ìda. Ti Màtílídà ti fọ́ létí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró, ó mú asà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú òmíràn lọ́wọ́ òsì. Àmì ìdílé Pell ló wà lára ti ọ̀tún. Ẹyẹ mẹ́ta ló wà lára ti òsì, àmì ìdílé kan tó ń jẹ́ Thornacre. Ọwọ́ ọ̀tún fún ọkọ, ọwọ́ òsì fún bàbá, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe é nìyẹn. Àyìnkẹ́ lọ tú ìwé ilẹ̀ àwọn Thornacre, ó sì bá Màtílídà níbẹ̀, pẹ̀lú oko méjì àti ọlọ kan tí omi ń yí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ tó bá wà lọ́wọ́ obìnrin tí kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, níbo ló tún ti lè rí i bí kò ṣe nílé bàbá rẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí òun náà nìyẹn. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé Màtílídà, ọmọ Thornacre ni.

Mísì Pell sunkún, kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun máa ní kí wọ́n gbẹ́ òkúta ìrántí kan sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì abúlé òun, pẹ̀lú asà méjèèjì, kí òun tó kú. Ó ní oníṣẹ́ òkúta á dé lópin oṣù. "Màtílídà náà ti nílé tó lè padà sí báyìí," ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àyìnkẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ò nílé bàbá tó lè padà sí. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀, inú yàrá tó háyà ló kú sí nígbà tí Àyìnkẹ́ ṣì wà ní yunifásítì, ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú, òun nìkan ni wọ́n sì bí. Ó wá dà bíi pé ó bá Màtílídà yọ̀, ó sì tún jowú rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Akínlẹ́yẹ, àbúrò ọkọ rẹ̀, dé láti Òkè-Odò. Ó mú ọsàn dání. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, ó kí i títí, ó béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kó tó fa ìwé kan yọ.

"Ìyàwó wa, ẹ má wò ó bíi pé a fẹ́ lé yín o," ó ní. "Ẹbí ní ká ṣá kọ ọ́ sílẹ̀, kí wàhálà má baà wà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yin lẹ ó máa gbé ibí títí Ọlọ́run á fi pè yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé Bọ̀dá padà sọ́dọ̀ ẹbí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, jàre. Màá padà wá gbà á."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," Àyìnkẹ́ ní.

Ìgbà tó lọ tán ló kà á. Opó olóògbé Olúgbénga ni yóò máa lo ilé náà fún ìgbà ayé rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn èyí tí yóò padà sọ́dọ̀ ẹbí. Inú ò bí i, ó ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Ohun tó mú un dìde ni pé ó ti ka ọ̀rọ̀ yẹn níbì kan rí.

Ó ṣí láptọ́ọ̀pù. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ìsàlẹ̀ ìwé Thornacre lóòótọ́, níbi tí ayọ̀ ti mú un sáré kọjá: Màtílídà yóò máa jẹ oko méjì àti ọlọ náà fún ìgbà ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ilẹ̀ náà padà sọ́dọ̀ àwọn Thornacre. Màtílídà kúkú bí ọmọkùnrin méjì fún Roger. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ì bá jogún rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú àwọn ojú ìwé tó kù kó tó rí ẹni tó ń wá. Hugh Thornacre, ó kú ní ọ̀dọ́, ó fi ìyàwó kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Màtílídà. Wọ́n fún opó ní ìpín opó, opó sì lọ fẹ́ Roger Pell. Ọkọ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkọ náà ló wà lọ́wọ́ òsì. Bàbá ò sí níbì kankan.

Ẹ̀rù ba Àyìnkẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó máa ka ojú ìwé yẹn. Bó bá sọ ọ́, á gba bàbá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, á ba inú arúgbó kan jẹ́, iṣẹ́ á sì tán, torí kò sí ìwé mìíràn tó kù láti kà. Lẹ́tà àràárọ̀ náà á tán. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń kọ̀wé nípa òjò Ìgàndò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, lẹ́tà kúkúrú kan wọlé. "Àyìnkẹ́ mi ọ̀wọ́n, oníṣẹ́ òkúta ń bọ̀ lọ́la. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ó jókòó tì í títí tíì rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́: "Kò dá mi lójú mọ́. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Opó wọn ni, kì í ṣe ọmọ wọn. Mi ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ dákun, ẹ má gbẹ́ nǹkan kan sára asà ọwọ́ òsì." Ó so ojú ìwé náà mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́.

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. "Mo dúpẹ́. Mo ti ní kí oníṣẹ́ òkúta máa lọ. Mi ò rò pé ohun kankan kù tí a ó máa wá." Kò sọ ti orúnkún, kò sọ ti òjò, kò sì pe orúkọ Àyìnkẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí lẹ́tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò sí. Àyìnkẹ́ ṣì ń gbé láptọ́ọ̀pù sídìí fèrèsé, á ṣí i, á tún pa á dé, á wá jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ó ti mọ̀ pé á rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó dùn ún wọ eegun.

Sátidé ni Akínlẹ́yẹ padà wá. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó fi ìka hàn án ibi tó máa fọwọ́ sí.

"Orúkọ mi ò sí níbẹ̀," Àyìnkẹ́ ní.

"Opó olóògbé Olúgbénga kọ́ nìyí?" Akínlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyàwó wa, ta ni ò mọ̀ yín? Ọdún márùndínlógójì lẹ ti wà nínú ilé wa. Ọmọ girama ni mí tí mo ti ń jẹun yín."

"Ó dáa. Kí lorúkọ bàbá mi?"

Akínlẹ́yẹ wo àjà, ó wo ìwé náà bí ẹni pé orúkọ náà lè wà níbẹ̀. Ojú tì í, Àyìnkẹ́ sì rí i pé ojú tì í lóòótọ́. Ó yọ bírò lápò, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ sọ ọ́, kí n kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó ti pẹ́ gan-an tí Àyìnkẹ́ ti pe orúkọ náà síta kẹ́yìn.

"Jàfárù," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ kó hàn."