Ọjọ́ Tí A Kì í Kàwé

Lẹ́tà náà fẹ́lẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ba Olùkọ́ Metra lẹ́rù nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń tẹ ìwé ní ìlú Denpasar ti dá iṣẹ́ rẹ̀ padà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì nípọn bí ìrọ̀rí. Èyí fẹ́lẹ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí iná ti rà, ó sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Saraswati, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú igba ọjọ́ ó lé mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ní ìlú wọn kì í kàwé.

"Mi ò kà á o, sà," Komang Dartha tó ń pín lẹ́tà sọ látorí alùpùpù rẹ̀. "Àwòrán òdòdó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé tiwọn ni. Àná ló dé."

"Kí ló dé tí o kò mú un wá lánàá?"

"Òjò ni, sà." Dartha rẹ́rìn-ín. "Ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ẹ gba ìwé àwòrán lásán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ bí òní. Ẹ ní àwọn ìwé ń sinmi. Wọ́n ṣì ń sinmi, sà."

Ó yí alùpùpù padà, ó gba ọ̀nà tẹ́ńpìlì lọ.

Ọdún méjìdínlógójì ni Metra fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí níwèé, ẹnu rẹ̀ náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ òfin ọjọ́ náà. A ó kó ìwé ilé jọ sórí aṣọ funfun, a ó gbé òdòdó àti ìrẹsì síwájú wọn, a kò ní ṣí ọ̀kankan, a kò sì ní kọ ohunkóhun, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́ tí a ó lọ wẹ̀ nínú òkun. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ìwé àlọ́ tó fi ọdún méjìlá kọ ní èdè wọn ni lẹ́tà yìí ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ti pinnu pé bí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, òun ó di í ní okùn, òun ó gbé e sájà, ó parí.

Nínú àgbàlá, Rempi ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú òkìtì ìwé, tùràrí ń rú, ó ń ki Saraswati, ìyá ìmọ̀:

"Ìyá ọlọ́wọ́ mẹ́rin,
ọwọ́ kan di ìwé mú, ọwọ́ kan ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà,
ọwọ́ méjì ń ta okùn orin.
Arẹwà tó gun ẹyẹ funfun la odò já tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù,
ohun tí a mọ̀, má jẹ́ kó sá mọ́ wa lọ́wọ́."

Metra dúró títí ó fi ṣe àmín. "Ìyá Sekarini, lẹ́tà dé."

Rempi wo bébà náà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó na ọwọ́. "Ẹ gbé e fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n bá yín tọ́jú ẹ̀ ni. Nínú ilé yìí, ta ló tún wà tí kò lè kà á?"

Ó ká a, ó tì í bọ inú ọ̀já aláwọ̀ òféèfé tó so mọ́ ìbàdí.

Oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run tí Ketut Jigra fi wọlé, aládùúgbò wọn àti ẹgbẹ́ Metra láti kékeré. Ó gbé àwo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́. "Mo gbọ́ pé wọ́n kọ̀wé. Dartha ti sọ fún gbogbo tẹ́ńpìlì. Ṣé ó nípọn?"

"Ó fẹ́lẹ́."

"Hẹn. Wọ́n ti fi ìwé rẹ dáná nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí o mọ̀ pé ọbẹ̀ jinná." Jigra jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí a bá gbé e sókè sí oòrùn ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe kíkà. Wíwò ni."

Ojú àwọn méjèèjì lọ síbi ọ̀já Rempi.

"Ẹ̀gbọ́n Jigra," Rempi ní, "ìbàdí mi lẹ fẹ́ gbé sókè sí oòrùn, àbí kí ni?"

Jigra rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹran nù. Ó lọ sílé, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ọ̀sán gùn. Rempi ń fi imọ̀ àgbọn hun àwo òdòdó, gbogbo ìgbà tó bá sì tẹ̀ síwájú ni bébà inú ọ̀já ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Metra jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ìyà gbáà ni," ó ní, "kí èèyàn ní lẹ́tà, kó má mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Rempi kò gbójú sókè. "Ó máa ń rọlẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mu omi díẹ̀."

Metra bu omi. Ó gbé e dé ẹnu kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e.

Ìlú Makassar, níbi tó ń gbé, ni ọmọ wọn Sekarini ti máa ń kọ̀wé sí wọn. Ọ̀já yìí náà ni Rempi máa ń tì í bọ̀. Metra á dé láti ilé ìwé, á wẹ̀, á jẹun, á máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, kó tó ní, "Mú un wá." Lẹ́tà ojú ewé méjì, ó lè kà á tán lọ́kàn, kó sọ pé, "Àlàáfíà ni, ó kí ẹ." Àlọ́ inú ìwé rẹ̀ sì rèé, ẹnu Rempi ni gbogbo wọn ti wá, bó ṣe ń hun imọ̀ báyìí, lálaalẹ́. Orúkọ Metra nìkan ló wà níwájú ìwé.

Ó gbé ife sílẹ̀. Ó lọ jókòó tì í, ó mú imọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a hun, kò sì hun ún dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo ìlú wà nínú òkun, òdòdó ń léfòó láàárín wọn. Rempi tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi wé lẹ́tà kó má baà tutù. Ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ ni kó o ṣí i," Metra sọ.

Rempi nu ọwọ́, ó ṣí i. Metra dúró tì í, ó kà á sókè, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ títí dé orúkọ akọ̀wé, kò fo ohunkóhun. Wọ́n gba ìwé náà. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ kí ìkórè tó dé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: ẹnu ta ni àlọ́ wọ̀nyí ti wá?

Jigra bu omi òkun, ó dà á lé Metra lórí. "Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn náà ló gbé ire wá."

"Màá dá wọn lóhùn lónìí," Metra sọ, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Ni Luh Rempi. Orúkọ ẹ ní kíkún nìyẹn, òun ni wọ́n máa kọ ṣáájú tèmi."

Oòrùn yọ láti apá erékùṣù Lombok, ó tàn sórí bébà náà. Rempi gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́ lọ, ó dé ìparí, ó padà.

"Bàbá Sekarini," ó ní, "nínú gbogbo àmì wọ̀nyí, ẹ fi èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi hàn mí."