Ọkọ̀ Tí Kò Ní Gbé Òkú

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dúrótoyè ti lọ sí ọgbà tí Ràímì ti ń ta ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé kó tó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Ọkọ̀ méjì ló ń lọ wò. Àwọn méjèèjì jọ jẹ́ onílẹ̀kùn méjì, wọ́n jọ kúrú, wọ́n sì jọ ba mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Èkíní dúdú, òrùlé rẹ̀ le koko bí ti ọkọ̀ yòókù. Èkejì pupa, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, òrùlé rẹ̀ á gbéra, á ká bí ẹní, á sì wọnú búùtù lọ. Ràímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń gbé Àkúrẹ́ láti kékeré, ti sọ ọ́ lórúkọ: Ṣí-kí-n-rí-ọ.

Owó ọwọ́ Dúrótoyè kò lè ra ju ẹyọ kan lọ. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìjù ló tà, kì í sì í ṣe nítorí fàájì. Kíndìnrín Ìbídùnní, ìyàwó rẹ̀, ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó kí ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ lọ, òun náà ló ń wọ̀ bọ̀. Bí ó bá ti ń bọ̀, èébì á gbé e, á sì máa bì í sínú ọ̀rá dúdú lójú èrò gbogbo.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀. Méjì ló ní. Ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n ń gbé. Ó ti lé lógún ọdún tí Dúrótoyè ti ń gbé òkú láti mọ́ṣúárì lọ sílé, láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí itẹ́. Iṣẹ́ náà ló fi kọ́lé, òun ló fi rán ọmọ níléèwé.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dé àárín tọkọtaya. Ọjọ́bọ̀ ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú ni Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, oṣù méjọ péré ni oyún náà. Epo ti wọ́n nílùú, kò sí takisí kan ládùúgbò. Ọkọ̀ tí Dúrótoyè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbé òkú bàbá arúgbó kan ló wà nílẹ̀, òórùn oògùn mọ́ṣúárì ṣì wà nínú rẹ̀. Orí pákó tí wọ́n ń gbé pósí lé ni wọ́n tẹ́ obìnrin náà sí. Ọkùnrin ni ọmọ tó bí. Kò ké. Nígbà tí ó fẹ́ bí Monílọ́lá ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, orí ọ̀kadà ló gùn lọ.

Láti Ọjọ́bọ̀ náà, Ìbídùnní kò wọ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́. Kò bá a jà, kò fi í sùn nílé ẹbí. Ó kàn ní òun kò ní wọ ọkọ̀ tí òkú bá ti wọ̀. Dúrótoyè sì ṣe ìlérí fún un nígbà náà pé lọ́jọ́ tí òun bá lágbára àtira òmíràn, ti alààyè ni yóò jẹ́.

Bí a bá fi ti ìlérí yìí ṣe, ọkọ̀ dúdú ló yẹ kó rà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó ló ń fà á padà sídìí pupa. Bí àgbàlagbà bá kú níbẹ̀ báyìí, ọkọ̀ òkú nìkan kò tó mọ́. Wọ́n á ní ọkọ̀ tí kò lórùlé gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí àkọ́bí olóògbé dúró nínú rẹ̀ kó máa juwọ́ sí ìlú, kí àwòrán ńlá olóògbé sì jókòó níwájú. Rufus, tí òun náà ń gbé òkú, ti ra irú rẹ̀. Ìdílé mẹ́fà ló ti yà lọ́dọ̀ Dúrótoyè lọ bá a.

Àkọ́bí ìdílé keje, tó ń jẹ́ Akíntóyè, pè é lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ tó ń ṣí yẹn?"

"A ń wá a."

"Ẹ má wá a pẹ́ o. A ò lè sin ìyá mi bí ẹni ń sin adìyẹ. Bí ti yín ò bá sí, Rufus ti ní òun wà ńlẹ̀."

"Ó máa wà," ni Dúrótoyè wí.

Lọ́jọ́ kejì ló mú Ìbídùnní lọ sọ́dọ̀ Ràímì.

"Ìyá wa, ẹ káàbọ̀ o!" Ràímì ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ọkọ̀ yín ti ń retí yín. Kò tíì jẹun láti àná."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ wọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì fa ilẹ̀kùn pa. Ariwo títì dáwọ́ dúró. Gíláàsì rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé àwọn tó wà níta kò rí ju òjìji gèlè rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn.

"Èyí dára," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní rí mi níbí."

Dúrótoyè mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀rá dúdú ló ń sọ.

"Ìyá, ẹ ò tíì rí nǹkan kan!" Ràímì sáré wọ pupa, ó tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé gbéra, ó ká, ó wọlẹ̀ lọ. "Ẹ wò ó! Ó ń ṣí bí ìkòkò ọbẹ̀."

"Ìkòkò tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀, eṣinṣin ló ń bà lé e," ni Ìbídùnní dáhùn.

Ràímì rẹ́rìn-ín títí tó fi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. "Háà! Ìyá yìí fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ o!"

Dúrótoyè kò rẹ́rìn-ín. "Ó ń padé náà," ló wí. "Ìgbà tí o bá fẹ́ kó padé, á padé."

"Bí ó bá máa padé, kí wá ni ṣíṣí rẹ̀ wà fún?"

"Atẹ́gùn. Dókítà ní kí o máa gba atẹ́gùn dáadáa."

Dókítà kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìbídùnní ló sì máa ń dá wọlé tọ dókítà lọ.

"Bàbá Monílọ́lá, ẹ wò mí lójú. Ṣé òkú ò ní wọ ọkọ̀ yìí?"

"Òkú ò ní wọ̀ ọ́."

"Pósí ńkọ́?"

"Ibo ni pósí máa gbà wọnú rẹ̀? Wo bó ṣe há tó."

Ràímì, tó mọ iṣẹ́ tí oníbàárà rẹ̀ ń ṣe, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nu iná ọkọ̀ tí kò dọ̀tí.

Ìbídùnní fọwọ́ kan òrùlé ọkọ̀ dúdú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó dáa," ni obìnrin náà, ọmọ Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní ulé, wí. "Ẹ̀yin lẹ máa wà á. Ulé ni kó sáà gbé mi dé."

Báyìí ni Dúrótoyè ṣe ra pupa.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fi gbé Ìbídùnní lọ sí Oǹdó, tó sì fi gbé e bọ̀. Òrùlé ń wà ní pípadé. Ìjókòó náà rì ju bí Ìbídùnní ṣe fẹ́ lọ, nítorí náà ó mú tìmùtìmù aláwọ̀ ewé kan wá láti pálọ̀, ó ń jókòó lé e. Bí èébì bá gbé e, Dúrótoyè á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á di èjìká rẹ̀ mú títí yóò fi tán. Kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà obìnrin náà á sùn, ohun tí kò lè ṣe nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà kẹrin, bí wọ́n ṣe dé Ọ̀wẹnà, ó ní, "Ẹ ṣí i, ká wo atẹ́gùn dókítà yín." Dúrótoyè ṣí i. Afẹ́fẹ́ gbá ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ sọ fún un wá sí ọkùnrin náà lẹ́nu níbẹ̀. Ó gbé e mì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ sin ìyá Akíntóyè. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Dúrótoyè sọ fún Ìbídùnní pé mẹkáníìkì ní kí òun gbé ọkọ̀ wá, bíréèkì rẹ̀ ń dún.

"Kò burú," ni Ìbídùnní wí. Ó lọ wá ọ̀rá tuntun sílẹ̀.

Ní Oǹdó, àwọn onífèrè ló ṣáájú, ọkọ̀ pupa tí Dúrótoyè ń wà tẹ̀ lé wọn, ọkọ̀ òkú tẹ̀ lé pupa, èrò sì kún títì ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Yaba nílùú náà. Akíntóyè dúró nínú ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, ó ń juwọ́. Àwòrán ìyá rẹ̀, tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló wà ní ìjókòó iwájú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀, etí férémù rẹ̀ ń rì sísàlẹ̀, ojú ìyá náà kò yọ dáadáa. Dúrótoyè fúnra rẹ̀ ló ká tìmùtìmù sí i nídìí. Ó sì fa bẹ́líìtì yí i ká.

Wọn kò sáré ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ há sí apá òsì wọn, kò lè kọjá. Nígbà tí Dúrótoyè yíjú, ojú fèrèsé kẹta ni Ìbídùnní wà. Kì í ṣe òun ló ń wò. Àwòrán náà ló ń wò, láti orí dé ìdí.

Fèrè ń dún. Dúrótoyè kò lè dúró, kò lè sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ òkú wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì tí ara ń kán bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀, Ìbídùnní bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, káàdì ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pupa ló gbà kọjá, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Akíntóyè, tí kò mọ̀ ọ́n, rò pé ó wá bá òun dárò ni.

"Màmá, ẹ ṣeun o! Ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà á!"

Ìbídùnní dúró. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti yẹ. "Ẹ kú ìnáwó ìyá," ló wí. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò fi ojú kan ọkọ rẹ̀.

Nílé ní ìrọ̀lẹ́, Dúrótoyè jókòó tì í lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Àwòrán ni, Ìbídùnní. Ìwé àti gíláàsì lásán. Ọkọ̀ ẹ̀yìn ni òkú wà."

"Mo rí i."

"Mi ò parọ́ fún ọ."

"Mẹkáníìkì ńkọ́?"

Dúrótoyè fa ìbora bò ó lẹ́sẹ̀.

"Ibi tí mò ń jókòó sí ni," ni Ìbídùnní wí. Ó yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ajé, Dúrótoyè lọ bá Ràímì pé kó gba pupa padà, kó fún òun ní dúdú. Ràímì kò bá a ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan láti Ọ̀wọ̀ ti wá gbé dúdú lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, Ìbídùnní ti wà ní gáréèjì. Dúrótoyè wa ọkọ̀ òfìfo tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé Oǹdó. Ó dúró síwájú ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀ títí di aago méjì, ó pa òrùlé dé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Ìbídùnní jáde, ó di ògiri mú rìn kọjá, ó sì wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí wọ́n dé Bọ́lọ́rundúró, bọ́ọ̀sì ṣàdédé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rá kò gba èébì ọjọ́ yẹn. Wọ́n sọ Ìbídùnní kalẹ̀, ó tẹríba lórí koríko. Ojú èrò mẹ́rìnlá kún fèrèsé. Dúrótoyè fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ, ó na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ìbídùnní gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, kò gbójú. Obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí ló bọ́ sílẹ̀, ló fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún lẹ́nu.

"Ìyá, ta ni bàbá yìí?" ni obìnrin náà béèrè. "Láti Oǹdó ló ti ń tẹ̀ lé wa bọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ìbídùnní di apá obìnrin náà mú, ó dìde.

"Òkú ló ń gbé," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó kọjá."

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì yọjú, ó juwọ́ sí Dúrótoyè pé kó máa lọ níwájú. Dúrótoyè padà sínú ọkọ̀. Ó sì kọjá.