Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Bèèrè Ẹni

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ padà sí Japan ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ padà?"

"Ta ni kò ní sọ ọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò gbélé mọ́?"

"Ẹsẹ̀ ta ni Ọlọ́run dá fún ìjókòó?"

Olúbùnmi mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tí Tẹjúmádé ìyá rẹ̀ ti dé láti ìlú Òsákà, níbi tí ó ti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ Fikáyọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ara rẹ̀ kò balẹ̀ nínú ilé wọn ní Roodepoort, lẹ́yìn odi ìlú. Lójoojúmọ́ ni yóò wọ táàsì lọ sí ọjà Joubert Park láàárín ìlú, tí yóò máa ti ìsọ̀ kan dé òmíràn bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Fikáyọ̀ sì ti ránṣẹ́: bí Màámi yóò bá wá bá òun gbé, kí wọ́n wí kí ilẹ̀ Sátidé yìí tó ṣú, nítorí ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ìdí nìyẹn tí Olúbùnmi fi ń sáré tẹ̀lé obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin láàárín èrò.

"Kí ló wà ní Òsákà tí kò sí níbí?"

"Òpópónà kan wà nítòsí ilé àbúrò rẹ. Ó fún, wọ́n fi òrùlé bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mọ́tò kì í wọ̀ ọ́. Ẹlẹ́ja ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí ń tún agboòrùn ṣe ń bẹ, àti ìyá arúgbó kan tí ń ṣe wàrà sóyà. Ìdajì ìsọ̀ ti tilẹ̀kùn, àwọn ọmọ kò fẹ́ ṣòwò bàbá wọn. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, mo ń fẹsẹ̀ rìn ín."

"Ẹ ò gbọ́ èdè wọn. Kí lẹ ń bá wọn sọ?"

"Ìwọ tí o gbọ́ èdè àwọn tí ilé wọn fara ti tiwa, kí lo ń bá wọn sọ?"

"Màámi, ẹ ó lọ àbí ẹ ò ní lọ?"

"Iná róbọ́ọ̀tì tí ń darí ọkọ̀ ti fún wa lọ́nà. Sọdá."

Wọ́n sọdá sọ́dọ̀ Magdalene, tí ń ta tòmátì lábẹ́ agboòrùn ńlá. Kí ìyá náà tó lanu, Magdalene ti di tòmátì tí ó máa ń rà fún un, ó sì ti ju mẹ́ta sí i gẹ́gẹ́ bí èènì.

"Eish, Màmá," ó fi Gẹ̀ẹ́sì wí, "ẹ ò wá ní Ọjọ́bọ̀. Ǹ bá wá yín lọ, mi ò mọlé."

"Géètì ni kò ṣí."

Ojú ti Olúbùnmi. Òun ni ó gbé rìmóòtù géètì lọ sí ibi iṣẹ́ ní Sandton lọ́jọ́ náà, tí ó sì gbàgbé láti pe ilé títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí aládùúgbò kan tí ó kanlẹ̀kùn.

"Ọjọ́ tí òtútù mú mi ní Òsákà," ìyá rẹ̀ wí bí wọ́n ti ń lọ, "oníwàrà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Fikáyọ̀ pẹ̀lú abọ́ gbígbóná."

"Ẹ fẹ́ padà nígbà náà."

Ìyá ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Wọ́n kọjá ìsọ̀ mẹ́rin, wọ́n dé iwájú ìsọ̀ aránṣọ kan. Fóònù Olúbùnmi dún, Fikáyọ̀ ni.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

Tẹjúmádé dúró, ó kọjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Sọ fún un pé n kò bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé Roodepoort mọ́ pẹ̀lú, Bùnmi. Yàrá kan ṣófo lókè ìsọ̀ aránṣọ yẹn. Mo ti lọ wò ó. Ibẹ̀ ni mo fẹ́."