Ìbọn Priska Ti Padà Sí Òdo

"Àwọn ilà yẹn dà?" Agatha bi ọkọ rẹ̀.

Brosi gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ti ń retí. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, tó ń ha igi, tó ń fi sáńpépà yùn ún, tó ń fín ọ̀dà, tó ń dúró kó gbẹ, tó tún ń fín òmíràn lé e. Láàárọ̀ yìí inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ló bá lọ pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo iṣẹ́. Ìbọn ìdíje ọmọ wọn ló wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó pupa fòò, ó ń dán débi pé èèyàn ń rí fèrèsé lára rẹ̀.

"Ilà wo?"

"Àwọn ilà pẹ́ńsù. Ní ẹ̀gbẹ́ pákó tí Priska máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé. Ọ̀kan wà níbí, méjì wà nísàlẹ̀."

"Ìyẹn? Mo ti yùn ún kúrò. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á máa hàn lábẹ́ ọ̀dà. Ṣé o fẹ́ kó máa hàn ni?"

Agatha ń fi ìka wá nǹkan lára igi náà, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ.

Ìbọn àtijọ́ ni. Bàbá Agatha ló kọ́kọ́ ni ín, ó fi gba àmì-ẹ̀yẹ ní gbogbo àfonífojì Schächen, kó tó di ti Priska, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Igi rẹ̀ ti là níbi méjì, ìpẹtà sì ti ń jẹ irin rẹ̀ lábẹ́. Priska ti máa ń sọ ọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá pé, "Pápá, lọ́jọ́ tí mo bá wọ ikọ̀ ayìnbọn agbègbè wa, ẹ ó bá mi kùn ún. Kó pupa bí èso ṣẹ́rì ẹ̀yìnkùlé wa." Ó wọ ikọ̀ náà lóṣù Kìíní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Lóṣù Kejì, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè lọ ṣeré lórí yìnyín, yìnyín òkè ya lulẹ̀, ó sì bo òun nìkan mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó wú òkú rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ ayìnbọn abúlé fẹ́ ṣe ìdíje ìrántí fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ìbọn yóò di ti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́. Agatha pàápàá ti gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló kù tí bàbá lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ bí kò ṣe kó mú ìlérí ọ̀dà yẹn ṣẹ?

"Àwọn nọ́ọ̀tù ńkọ́?" Ohùn Agatha ti yí padà. "Brosi, kí lo fi àwọn nọ́ọ̀tù ṣe?"

"Mo ti dá gbogbo ẹ̀ padà sí òdo."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Pákó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìbọn ìdíje ṣeé gbé sókè sódò, irin tó máa ń wọ èjìká sì ṣeé fà gùn, kálukú a sì máa tò ó bó ṣe bá ara tirẹ̀ mu, a sì fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ ni pé kí ìbọn tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí òdo, níbi tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Brosi fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní òfin yìí, ó sì mọ bí a ti ń jágbe mọ́ ẹni tó bá gbàgbé. Ọwọ́ rẹ̀ ló yí àwọn nọ́ọ̀tù yẹn. Kò tiẹ̀ bi orí léèrè.

Agatha jókòó lórí àpótí igi kan. "O ò kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀?"

"Mi ò kọ ọ́."

"Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó o bá ti lọ ta káàdì lọ́dọ̀ Kari ni mo máa ń gbé e jáde," Agatha sọ. "Màá tẹ́ ẹní ẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀. Màá dojú bolẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Màá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi síbi tó ń gbé tiẹ̀ sí. Kò bá mi mu rárá. Ọrùn á máa ro mí, apá mi ò ní tó o. Ibi tí kò ti bá mi mu yẹn ni mo ti ń rí i, Brosi. Mo ń mọ bó ṣe ga tó. Mo fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gbé e lọ, ni mo ṣe wá."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ká ní mo sọ ńkọ́? O máa ní kí n lọ rí dókítà."

Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ti sọ. Brosi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í.

Ó mú fìlà, ó di ilé Kari, ẹni tí wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìbọn yíyìn. Kari ń fọ ìkòkò wàràkàṣì lọ́wọ́.

"Ọkùnrin yìí, òní kọ́ ni Ọjọ́bọ̀ o! Àbí Agatha ti lé ẹ jáde ni?"

"Kari, nọ́ńbà Priska. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti èjìká. Ṣé o rántí wọn?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Kari. "Mi ò mọ̀ ọ́n sórí. Ṣebí ó ní ìwé dúdú kékeré kan, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Wo inú ẹ̀."

Brosi ń wo omi tó ń ṣàn kúrò nínú ìkòkò náà. "Mo fi sínú pósí ẹ̀," ló wí. "Mo fi sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀."

"Há, Brosi."

"Gbìyànjú, jọ̀ọ́. Kódà kó jẹ́ ọ̀kan péré."

"Ọmọ náà ga. Apá ẹ̀ gùn." Kari nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Mo lè dárúkọ nọ́ńbà kan fún ẹ kó o lè lọ sílé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́, wàá sì mọ̀."

Nígbà tí Brosi padà sílé, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Wákàtí méjì ló fi ń yí nọ́ọ̀tù, tó ń dùbúlẹ̀, tó ń dìde, tó ń pa ojú dé láti rántí bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń tẹ ọrùn. Nígbà tó gbà pé ó ti bọ́ sí i, ó gbé ìbọn náà lọ sí yàrá Priska, ó tẹ́ ẹní, ó sì pe Agatha.

Agatha dojú bolẹ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó pupa náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Brosi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ Ọlọ́run bí kò ti bẹ̀ ẹ́ rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n ń wú yìnyín.

"Ìwọ nìyí," Agatha wí.

"Kí lo sọ?"

"Ìwọ ni mo bá níbí. Bó o ṣe máa ń tẹ orí sápá òsì. Ọdún mélòó la jọ fi dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn kó o tó fẹ́ mi? Mi ò lè ṣì ẹ́ mọ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Kì í ṣe Priska."

Òótọ́ ló sọ. Apá tirẹ̀ ló fi wọn irin náà, ọrùn tirẹ̀ ló fi wọn pákó. Ó ti ń wá ọmọ rẹ̀ láti ọ̀sán, kò sì rántí bí apá ọmọ náà ti gùn tó. Ìyẹn ló dùn ún jù, ó dùn ún débi pé kò lè wọ yàrá náà láti fà á dìde.

Agatha fúnra rẹ̀ dìde. Ó ká ẹní náà, ó lọ sí yàrá wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú àpò. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Trudi, àbúrò òun, ní Flüelen.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mi ò mọ̀."

Brosi bá a gbé àpò náà dé ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń dúró, nítorí pé ó wúwo, àti nítorí pé kò mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe. Màlúù ń mi agogo ọrùn wọn lókè odò.

"Mo ṣe é nítorí ẹ̀ ni," Brosi wí níkẹyìn. "Òun ló ní kó pupa."

"Mo mọ̀. Ó sì rẹwà. Mi ò bínú sí ẹ."

"Tí o ò bá bínú, wá jẹ́ ká padà sílé."

"Ọdún kan ó lé ni mo fi ń ṣọ́ nǹkan kan nílé yẹn," Agatha dáhùn, ojú rẹ̀ wà lọ́nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà bọ̀. "Mi ò ní nǹkan tí mò ń ṣọ́ níbẹ̀ mọ́."

Bọ́ọ̀sì dé lákòókò rẹ̀ gan-an, bó ṣe máa ń dé. Awakọ̀ kí àwọn méjèèjì, ó gba àpò, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Brosi délé, kò bọ́ bàtà. Ó gbé fóònù, ó pe Kari.

"Wá gbé ìbọn yìí lónìí. Má dúró di Sátidé."

"Kò burú, mò ń bọ̀," Kari wí. "Agatha ńkọ́? Ṣé ó ti bá ẹ wò ó?"

Ó wù ú kó sọ pé ìyàwó òun lọ kí àbúrò rẹ̀, pé yóò dé lọ́la.

"Agatha ti lọ," ló wí.