Ẹní Tí Mo Dà Bo Ẹni Tó Ń Yẹ Ọkọ̀ Wò

Mo ti rí àwọn ayẹ̀kọ̀wò ìjọba kí n tó dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú. Aṣọ wọn ń tàn láàárín ewé, aláwọ̀ ọsàn. Mo tẹ bíréèkì jẹ́ẹ́, kí bọ́ọ̀sì lè dúró bí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ jù. Mo tún un tẹ̀ kó tó mú. Mo wo ojú àwọn èrò nínú gíláàsì tó wà lókè orí mi, bóyá ẹnì kan kíyè sí i. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Wọ́n ń kọrin.

Esekia, àbúrò ìyàwó mi, ló ni bọ́ọ̀sì náà. Bọ́ọ̀sì onípákó ni, irú èyí tí gbogbo wa ń wọ̀ ní erékùṣù Upolu, pupa, fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì. Nígbà kan tí wọ́n mú mi nítorí táyà, wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ọn níwájú, ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́ títí a fi wá táyà mìíràn. Ọjọ́ yẹn ni Esekia pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Tovio, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, n ò ní bú yín. Ṣùgbọ́n tí bébà pupa bá tún kan ọkọ̀ mi, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ mi wá." Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tí kò ka ìwé débì kan, ta ló fẹ́ gbé ọkọ̀ mìíràn fún un?

Ọ̀kan nínú àwọn ayẹ̀kọ̀wò náà jókòó sínú ọkọ̀ wọn, ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Èkejì ló wá bá mi. Ọmọdé ni lójú mi. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà, Pesamino.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì."

Mo pa á.

"Ìwé ìwakọ̀ yín dà?"

Mo fún un. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. "Ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Irun ṣì wà lórí mi nígbà yẹn."

Makerita, obìnrin tó ń ta ẹja lójú ọjà ìlú ńlá, dá sí i láti ẹ̀yìn mi. "Òun ni, ọ̀gá. Ẹ ò rí bó ṣe ń wò? Bó ṣe ń wò nínú fọ́tò náà nìyẹn, bí ẹni tí adìẹ rẹ̀ sọnù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pesamino kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọn ò tán. Ojúmọ́ Mọ́ńdè ni, ẹ mọ bí bọ́ọ̀sì wa ṣe máa ń rí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: tí àga bá tán, àwọn èwe á jókòó lé àgbà lẹ́sẹ̀, ẹni tó sanra á gbé ẹni tó rù. Pesamino dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ ń le sí i.

"Àga mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yìí?" ó bi mí.

"Ẹ má ka àga, ọ̀gá," Makerita dáhùn. "Itan ni kẹ́ ẹ kà."

Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn ni Ìyá Sinapati. Wọ́n fẹ́ sin àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Apia, ìlú ńlá wa, lọ́jọ́ náà, ó sì di ẹní tí ó fẹ́ fi tọrẹ níbi òkú náà sínú aṣọ ibùsùn funfun, ó gbé e sáyà bí ọmọ. Ó jókòó sórí koríko létí bọ́ọ̀sì, ó gbé ẹrù náà kalẹ̀. "Tovio," ó ní, "ṣé a ó débẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀?"

"A ó dé, Ìyá." N kò mọ̀ bóyá a ó dé.

Iwájú ilé Olóyè Vaelupe ni wọ́n dá wa dúró sí. Ilé náà kò ní ògiri, òpó ló yí i ká, wọ́n sì ti ká gbogbo aṣọ tí wọ́n ta sáàárín òpó sókè. Mo rí bàbá náà nínú ilé, ó ká ẹsẹ̀ lórí ẹní, ó ń mu kòkó gbígbóná. Mo yí ojú kúrò. Olóyè tí kò fẹ́ràn ariwo ni.

Pesamino kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ní apá ibi tí ilé wà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó na ọrùn wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo dúró tì í. Mo fi ọwọ́ há abíyá. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé tí mo bá tètè ń ṣe ohun tó bá ní kí n ṣe, inú rẹ̀ lè rọ̀.

"Oòrùn yìí kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan," ó ní láti abẹ́ ọkọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan bò mí lórí, kí ibí lè ṣókùnkùn."

Mo yíjú. Aṣọ funfun Ìyá Sinapati ló sún mọ́ mi jù. Mo mú etí rẹ̀, mo fà á. Ó ta kókó. Mo fà á gan-an, nǹkan sì já wá sí mi lọ́wọ́, mi ò wò ó, mo dà á bò ó lórí.

Ìgbà tó balẹ̀ ni mo rí i. Ìyẹ́ pupa tí wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ wà lọ́rùn Pesamino. Ẹní àtàtà ni. Irú èyí tí obìnrin máa ń hun fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó rọ̀ bí aṣọ, tí a kì í tẹ́ sílẹ̀ sùn.

"Tovio," Ìyá Sinapati ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí lo ṣe yẹn?"

Àwọn èrò wo ọkùnrin tó tẹrí ba lábẹ́ ẹní àtàtà níwájú ilé olóyè, ara wọn sì ṣe ohun tí ara gbogbo wa máa ń ṣe tí a bá rí irú rẹ̀. Ọ̀kan jókòó sórí koríko, òmíràn jókòó, wọ́n dorí kodò. Makerita náà jókòó. Èmi náà jókòó, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ìdílé kan bá ṣe ìdílé mìíràn níbi, bóyá wọ́n pa èèyàn wọn, bóyá wọ́n dójú tì wọ́n, ẹnì kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ á lọ tẹrí ba níwájú ilé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ láàárọ̀, ẹní lórí. Á wà níbẹ̀ títí onílé á fi jáde. Tí onílé bá ṣí ẹní náà, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbẹ̀san mọ́.

Olóyè Vaelupe gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Ó wò wá fún ìgbà pípẹ́. Mo wo koríko. Orí mi dàrú. Mo mọ̀ pé èmi ni mo da ẹní yẹn, mo sì mọ ìdí tí mo fi dà á, síbẹ̀ bí gbogbo wọn ṣe jókòó yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ mí lójú bí òótọ́. Ṣé èmi ni mo ṣẹ àwọn ará abúlé yìí? Mo rántí ajá kan. Mo rántí ẹlẹ́dẹ̀ kan tó sáré gba iwájú mi kọjá, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kò kú. Àbí Pesamino ló ti ní ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú wọn tẹ́lẹ̀?

"Bàbá," Pesamino ní lábẹ́ ẹní, "ẹ sún un sápá òsì díẹ̀."

N kò mira.

"Bàbá?"

"Ọ̀gá, ẹ dákẹ́," Makerita sọ ọ́ sábẹ́ ètè. "Ẹ má gbérí."

"Kí ló dé?"

"Olóyè ti ń bọ̀."

Mo rí ìka Pesamino tó jáde, tó fọwọ́ kan etí ẹní, tó kan ìyẹ́. Ìka náà dúró. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó ti yé e kó tó yé èmi. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì tún tẹrí ba sí i.

Bàbá náà rọra fi ọ̀pá rìn wá, aṣọ kan ṣoṣo ló ró mọ́dìí. Ó dúró lẹ́bàá Pesamino.

"N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi. Bóyá ẹ rò pé mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kó ara yín wá láàárọ̀, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú irú ẹní báyìí. N kò ní jẹ́ kí oòrùn lu ọmọ ọlọ́mọ níwájú ilé mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ẹní náà. Pesamino gbójú sókè. Gírísì wà nímú rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wo tọ́ọ̀ṣì náà fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ́ yí padà, kò sì yí padà.

"Dìde, ọmọ mi. Ó ti tán."

Pesamino wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò. Tó bá sọ pé bíréèkì lòun ń wò, ojú á ti àgbàlagbà lójú gbogbo èrò.

"A dúpẹ́, Bàbá," ó ní.

"Ta ló ṣẹ̀, kí ló sì ṣe?"

Pesamino wo bọ́ọ̀sì. Gbogbo wa wo bọ́ọ̀sì.

"Ọkọ̀ yìí ni, Bàbá," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ pa àwọn èrò ni. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà níwájú yẹn ni ì bá ti ṣẹlẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ẹ wá wò ó, bàbá."

Mo kúnlẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí. Páìpù bíréèkì ti ń ha irin, ó ti ha á títí ara rẹ̀ fi fẹ́lẹ́, ó sì tutù. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Epo kán sí mi níka.

"Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ gan-an lórí òkè, ó já nìyẹn."

Mo rántí bí ẹsẹ̀ mi ṣe wọlẹ̀. Mo rántí ọmọ lórí ẹsẹ̀ ìyá, ìyá lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo máa dìde, Pesamino ti yọ bébà pupa, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣebí Olóyè ní ó ti tán?"

"Ó ti tán lọ́dọ̀ wọn. Páìpù ni kò tíì gbọ́."

Ẹni tí wọ́n bá ṣí ẹní lórí rẹ̀, wọ́n á fún un lóúnjẹ. Ìyàwó Olóyè ti gbé kòkó jáde, wọ́n sì gbé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Àwọn èrò wọlé, wọ́n jókòó yí òpó ká. Ìyá Sinapati nìkan ni kò jẹun. Ojú rẹ̀ wà lára ẹní rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ Olóyè, nítorí ẹní tí wọ́n bá fi tọrọ àforíjì, ọwọ́ ẹni tó ṣí i ló ń wà. Makerita ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Olóyè pé ìyá yìí ń lọ sin àbúrò rẹ̀.

Bàbá ronú. Ó ká ẹní náà, ó sì gbé e lé Ìyá Sinapati lọ́wọ́. "Ẹ mú un lọ. Ẹ sọ níbẹ̀ pé láti ilé Vaelupe ni. Ọkọ̀ akẹ́rù mi á gbé yín."

"A dúpẹ́, Bàbá," Ìyá Sinapati ní. Ó dì í mú ṣinṣin, ó sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ríre tàbí òun pàdánù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hun ún.

Mo bọ́ síta, mo pe Esekia. Mo sọ pé bébà pupa ti wà lára ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó pariwo. Ohùn rẹ̀ dé inú ilé. Mo rí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Olóyè na ọwọ́, mo sì fi fóònù sí i.

"Vaelupe ni," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, wọ́n ti gbé ẹní wá síwájú ilé mi, mo sì ti ṣí i. Ẹni tó bá tún dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Tovio, èmi ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú." Ó dá fóònù padà fún mi, ó wọlé lọ bá kòkó rẹ̀.

Esekia rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wá ní, "ta lẹ gbá?"

"N kò gbá ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbé ẹní lọ?"

"N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Mo gbọ́ ọ tó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo ń mú páìpù bọ̀."

Pesamino jókòó tì mí lórí koríko, ó ń jẹ kókò tirẹ̀, gírísì ṣì wà nímú rẹ̀. "Bàbá," ó ní, kò wò mí, "ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Mo wo kọ́kọ́rọ́. Mo wo epo tó ń kán sórí koríko lábẹ́ táyà. Mo ní kí ó nu imú rẹ̀.