Ọjọ́ Tí Olùkọ́ Kẹ́mísírì Ṣe Ìdánwò

Nígbà tí àpótí tó kún fún gíláàsì iṣẹ́ kẹ́mísírì tí ìjọba fi ránṣẹ́ dé ilé-ìwé náà, tọwọ́tẹsẹ̀ ni ọ̀gá àgbà fi gbà á. Ó ní kí wọ́n ya òun àti àpótí náà ní fọ́tò, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀.

"Bí ọ̀kan bá fọ́ ńkọ́?" ló bi olùkọ́ kẹ́mísírì tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ lò ó. "Èmi ni wọ́n máa ní kí n wá ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ ìdánwò."

Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó rán igbákejì ọ̀gá sí i. Ó fi àwàdà kún un, ó ní bí gíláàsì bá pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò ní í bímọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá obìnrin náà kì í ṣe ìkà o. Ó ti rí ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n lé kúrò níṣẹ́ nítorí ohun ìní ìjọba tó bàjẹ́, ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, orí pátákó ni wọ́n ti ń kọ́ kẹ́mísírì nílé-ìwé yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tipẹ́. Búrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì gbọọrọ tó ní nọ́ńbà lára, tí ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan wà nídìí rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì funfun ni olùkọ́ fi ń yà á. Á ya àrọ tí wọ́n fi ń da ásíìdì sínú ọ̀pá sí orí rẹ̀, á ya ìgò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á wá kọ ẹ̀kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: kí ásíìdì inú ọ̀pá máa kán sínú ìgò díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ máa mi ìgò, ibi tí àwọ̀ bá ti yí padà, kó dúró, kó ka nọ́ńbà ibi tí ásíìdì lọ sílẹ̀ dé. "Ẹ tún un wí!" ni yóò wá sọ, kíláàsì á sì hó gèè. Baba Ẹ-tún-un-wí ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn ní gbogbo ọgbà. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Ọmọ alágbàfọ̀ àti ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè owó, ìdánwò tí ọmọ olówó ń ṣe ní olú ìlú gan-an ni àwọn náà ń ṣe. Ohun tí wọ́n bá sì há sórí nínú kíláàsì yẹn, ó há nìyẹn. Bí ẹ bá jí wọn lójú oorun, tí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á ti dáhùn kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti jí. Olùkọ́ fúnra rẹ̀, ọmọ bíríkìlà ni. Bí kì í bá ṣe irú ilé-ìwé yẹn, búlọ́ọ̀kù ni ì bá máa rù títí di òní. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó le lẹ́nu: kò ní í gbà kí ará ìta bú u, ṣùgbọ́n òun náà ń kùn lábẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Níbi tó ti ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, yíyà ni wọ́n yà á fún òun náà. Nígbà tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ yí i ká débi pé ìpàkọ́ àwọn tó wà níwájú ni òun rí. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níwájú yẹn lọ, nítorí ó mọ ìwé náà látòkè délẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún yẹn. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni ọmọ dàgbà sí. Dókítà ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé láti kékeré ló ti ń fi àkísà di ẹsẹ̀ àga, pé àga fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Bí kò bá yege nínú kẹ́mísírì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìṣègùn parí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ilé náà. Bàbá ló ń pe olùkọ́ nílé. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kẹ́mísírì, kódà kí wọ́n jọ wà ní kíṣìnnì, "sà" ló ń jẹ́.

Ìdánwò yẹn ní òfin kan. Olùkọ́ ló kọ́kọ́ máa ń ṣe é, lóun nìkan, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Iye tó bá rí ni wọ́n máa fi máàkì tàwọn ọmọ: ẹni tó bá sún mọ́ ọn yege, ẹni tó bá jìnnà sí i fìdí rẹmi. Òfin náà mọ́gbọ́n dání, torí pé kẹ́míkà ilé-ìwé kan lè lágbára ju ti òmíràn lọ, ẹni tó jókòó sí olú ìlú kò sì lè mọ̀ ọ́n láti ibẹ̀. Ohun tí àwọn tó ṣe òfin gbàgbé láti béèrè ni bóyá olùkọ́ ti ṣe é rí.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, wọ́n sì kó gíláàsì jáde. Olùkọ́ wọ yàrá rẹ̀. Ó to gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń yà á: ọ̀pá, ìgò nísàlẹ̀, àrọ lórí. Ó da ásíìdì sínú àrọ, ó yí ẹ̀rọ, ásíìdì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nígbà tí àwọ̀ inú ìgò yí padà lójú rẹ̀ kòrókòró, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ pé "Ó yí o!" sí ògiri. Méjìlélógún ni nọ́ńbà. Ó tún un ṣe, méjìlélógún náà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lé rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún alábòójútó tí àjọ ìdánwò rán wá, obìnrin kan tó fi okùn gbé awò ojú kọ́rùn. Ìyẹn ká ìwé náà, ó fi sí báàgì.

Olùkọ́ wá wọ inú gbọ̀ngàn láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Àrọ kò kárí àwọn ọmọ. Ẹyọ kan ni wọ́n fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á da ásíìdì tirẹ̀ tán, á yọ àrọ, á nà án sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí Dókítà tó yọ tirẹ̀, tó nà án sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó yọjú wo ìwé rẹ̀. Mẹ́rìnlélógún. Ó wo ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́rìnlélógún àti díẹ̀. Ó wo ti ìlà kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ó tún wo àrọ tó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, gbogbo rẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Òun kò yọ àrọ tirẹ̀. Ásíìdì tó kù sínú rẹ̀ ti ń kán wọ inú ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tí òun ń wọn èyí tó ń lọ sílẹ̀, ìyẹn ni nọ́ńbà òun fi kéré. Láti ọdún tó ti ń kọ́ wọn ló ti ń ya àrọ náà sórí ọ̀pá, torí pé ibẹ̀ ló wà nínú àwòrán inú ìwé. Àwọn ọmọ yìí ṣe é bó ṣe yẹ kìkì nítorí pé àrọ kò tó.

Alábòójútó rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ó fà á lọ síbi fèrèsé.

"Ṣé iye wọn ò bá tiyín mu ni?" ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yin náà kẹ̀, ẹ sọ tiyín fún wọn. Báyìí la ṣe ń ṣe é níbi gbogbo tí mo ń lọ. Gbogbo wọn á yege, ara á rọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ olùkọ́ létí, kí n má purọ́. Méjìlélógún péré ni kó pè, kò sí ọmọ tí yóò fìdí rẹmi, Dókítà á sì di dókítà. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó ti ń la ẹnu rẹ̀.

Ibi tó ti fẹ́ yíjú padà ló ti bá ojú Dókítà pàdé. Ọmọ náà ti ń wò ó láti ìgbà tó ti kúrò nídìí tábìlì rẹ̀. Nílé-ìwé yẹn, ojú olùkọ́ ni ìdáhùn máa ń wà. Bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, ọmọ á dáhùn díẹ̀, á wo ojú rẹ̀. Bí ojú bá fà ro, á yí ìdáhùn padà kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó ṣì í. Dókítà wo ojú bàbá tó tọ́ ọ dàgbà, ó rí i pé ó fà ro, ó sì wọ́gi lé mẹ́rìnlélógún rẹ̀. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí i, òun náà wọ́gi lé tirẹ̀. Ó kan ìlà kejì, ó kan ìkẹta, bírò ń ha ìwé wàá wàá ní gbogbo gbọ̀ngàn. Olùkọ́ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Inú bí i. Kò mọ ẹni tí inú ń bí i sí, bóyá ọ̀gá àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, bóyá òun fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ dúró!" ló kígbe. "Ẹ má wọ́gi lé nǹkan kan mọ́! Tèmi ni kò dáa. Mi ò yọ àrọ kúrò, ẹ̀yin yọ tiyín. Ṣé ẹ gbọ́? Mi ò ṣe nǹkan yìí rí, àfi lónìí."

Ó yíjú sí alábòójútó, ó na ọwọ́. Ìyẹn wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì yọ ìwé náà jáde nínú báàgì.

"Òfin fún yín láyè láti tún un ṣe, tí n kò bá tíì kó ìwé wọn," ló wí. "Àmọ́ ẹ ṣe kíá."

"Ẹ ṣeun, mà." Olùkọ́ kọjú sí àwọn ọmọ. "Mò ń lọ tún tèmi ṣe. Ẹ̀yin, ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí ni kí ẹ kọ. Kò sí nǹkan míì."

Ẹnikẹ́ni kò mú bírò. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé olùkọ́ ń dán àwọn wò ni. Ì bá tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n tilẹ̀ bú u. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Dókítà nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "mélòó la rí?"